Ta Ló Wà Nínú Yàrá Àdúrà Pẹ̀lú Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwàásù. Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Arábìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ti kà á kí n tó gbé e síta, ó ní kí n sọ ọ́ kí àwọn tó kù lè kọ́gbọ́n, àmọ́ kí n má dárúkọ òun. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó jẹ́ o.

Lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ti ń lọ, àwọn akọrin ti ń ká wáyà, arábìnrin yìí dúró sẹ́yìn. Ìyàwó mi rò pé àdúrà ló fẹ́ ká gbà fún òun, ó fa àga fún un. Kò jókòó. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ta lẹ sọ ọ̀rọ̀ mi fún?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo, ọmọ mi?"

Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun kọ ránṣẹ́ sí wa lórí wẹ́bùsáìtì ìjọ.

Ọdún keje rèé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣègbéyàwó, ọmọ ò tíì dé. Wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Ohun tí dókítà sọ, kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Lóru ọjọ́ kan tí oorun kọ̀ tí kò wá, ó ṣí wẹ́bùsáìtì wa, ó lọ síbi tí a kọ "Fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà ránṣẹ́" sí, ó tẹ "Ọmọ bíbí", ó sì tú gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun sunkún tán, òun sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Tó bá ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀, ìpolówó ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe IVF á yọ. Tó bá ń ka ìròyìn, ìpolówó àgbo tó ń mú obìnrin lóyún á yọ. Ó rò pé yóò lọ. Kò lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá kí wọn, ó yá fóònù rẹ̀ láti fi wo fíìmù. Ìpolówó kan yọ, òmíràn yọ, ẹ̀kẹta yọ. Ọmọbìnrin yẹn kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó dá fóònù padà. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ pè: "Ìyàwó mi, kí lẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi?"

"Dádì, orí wẹ́bùsáìtì ìjọ nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Ẹni méjì péré ló lè ṣí ibi tí àwọn ẹ̀bẹ̀ àdúrà yẹn ń wọlé sí: èmi àti ìyàwó mi. Mo mọ̀ pé n kò sọ fún ẹnì kankan. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo yíjú wo ìyàwó mi. Ìwò kan péré. Ó rí i. Ọdún mẹ́tàlélógún la ti jọ ń gbé, tí a jọ ń gbọ́ àṣírí àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, mo wá fi irú ojú yẹn wò ó. A ti yanjú ìyẹn nílé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí mo ń jẹ́wọ́.

Mo ṣèlérí fún arábìnrin náà pé màá wádìí ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe arákùnrin tó ń bá wa bójú tó wẹ́bùsáìtì. Ọmọ gidi ni, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọ fún iṣẹ́ yẹn. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tó fi máa parí, tíì tí mo pò ti di omi tútù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rí nǹkan yìí lójoojúmọ́ tí a kàn ń tẹ̀ ẹ́ kó lè kúrò lójú wa.

Tí ẹ bá ṣí wẹ́bùsáìtì, àpótí kan á yọ ní ìsàlẹ̀, tàbí kó bo gbogbo ojú fóònù: "We use cookies." Wọ́n á kọ "Accept All" gàdàgbà síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó ń dán. Lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, bísíkíìtì ni cookie. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe bísíkíìtì o, kò sí ẹni tó máa fún yín ní nǹkan jẹ níbẹ̀. Nọ́ńbà ni. Ẹ rántí káàdì ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á fún yín ní káàdì kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá padà lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi wá fáìlì yín jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́bùsáìtì. Kì í rántí èèyàn. Bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, tí ẹ bá tún ṣí ojú ewé mìíràn, àlejò lẹ jẹ́ lójú rẹ̀. Lọ́dún 1994, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n káàdì yìí: wẹ́bùsáìtì á fi nọ́ńbà kékeré kan pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín, á sì máa wò ó nígbàkúùgbà tí ẹ bá padà. Òun ni kì í jẹ́ kí ọjà tí ẹ ti ṣà sínú agbọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì pòórá kí ẹ tó sanwó. Òun náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa béèrè pásíwọ́ọ̀dù yín ní gbogbo ojú ewé. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ lọ sí ọjà Dùgbẹ̀. Ẹ dé ọ̀dọ̀ aláṣọ, ọmọkùnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọmọ aláṣọ. Kò tà, kò rà. Ó kàn rọra lẹ bébà kékeré kan mọ́ yín lẹ́yìn, nọ́ńbà wà lára bébà náà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ oníwèé, ọmọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀, ọ̀gá kan náà ló rán wọn. Ó wo bébà ẹ̀yìn yín, ó kọ ohun tí ẹ rà sílẹ̀. Ẹ dé ilé oògùn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń yáni lówó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá yẹn kò tíì fojú kàn yín rí, ó lè má mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé obìnrin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí ra aṣọ funfun, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń wá owó yá. Third-party cookie ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó ló rán àwọn ọmọkùnrin yẹn. Tí ẹ bá sì ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ọ̀gá náà, tí ẹ ò jáde nínú rẹ̀ lórí fóònù kan náà, á jẹ́ pé orúkọ yín ti wà lára bébà nìyẹn.

Mo ní, "Ó dáa, ó yé mi. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀?"

Arákùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì, àwa náà ní ọmọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa."

Nígbà tí à ń múra krùséèdì ọdún tó kọjá, a sanwó ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí a sanwó fún ní kí a fi kóòdù kékeré kan sínú wẹ́bùsáìtì wa, kí á lè mọ iye èèyàn tó rí ìpolówó náà tó sì wá wo ojú ewé krùséèdì. Pixel ni wọ́n ń pè é. Ojú kì í rí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ojú ewé tó wà, fóònù onítọ̀hún á ránṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onípolówó láìjẹ́ pé ó tẹ nǹkan kan: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí ti dé ojú ewé báyìí, ní aago báyìí. Ojú ewé krùséèdì nìkan ló yẹ kí á fi í sí. Gbogbo wẹ́bùsáìtì la fi í sí. Krùséèdì parí, a ká àga, a tú àgọ́, a dá ẹ̀rọ amúnáwá tí a háyà padà, a wá gbàgbé ọmọkùnrin yẹn sínú yàrá àdúrà.

Ẹ sì rántí bí a ṣe to ẹ̀bẹ̀ àdúrà. Kó lè rọrùn fún yín, a ṣe ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọmọ bíbí, àìsàn, gbèsè, ìgbéyàwó tó ń dàrú, ọmọ tó ń mu oògùn olóró. Orúkọ kọ̀ọ̀kan wà nínú àdírẹ́sì ojú ewé rẹ̀. Ohun tí arábìnrin yẹn kọ gan-an kò jáde, a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àdírẹ́sì ojú ewé tó ṣí ló jáde. "Ọmọ bíbí" jáde. Ìyẹn nìkan ti tó.

N ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé torí tiwa ni ìpolówó yẹn ṣe ń tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti fi Google wá nǹkan kan tàbí méjì nípa ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó dá mi lójú ni pé a fi í ṣọwọ́. Ẹnì kan wá sọ àṣírí rẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ilé wa, àwa la fi àjèjì síbẹ̀.

Gbogbo òru ọjọ́ yẹn, Hánà ni mò ń rò. Ẹ mọ ìtàn náà. Ní Ṣílò, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn rẹ̀ kò jáde. Élì àlùfáà jókòó níbẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé ó ti mutí yó ni. A máa ń bú Élì nínú ìwàásù, èmi náà ti bú u dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pẹ̀nínà ń fi ọ̀rọ̀ gún Hánà lára, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Élì ló ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi Élì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Mo bi arákùnrin náà pé, "Kí ló dé tí wẹ́bùsáìtì tiwa kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn? Àwọn tó kù á kọ́kọ́ gbé àpótí yẹn síta." Ó bojú wolẹ̀. Ó ní, "Dádì, ó máa ń béèrè tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́."

Haa! Mo rántí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wẹ́bùsáìtì náà, àpótí yẹn máa ń yọ ní ìsàlẹ̀, orí nọ́ńbà àkáǹtì tí a fi ń gba ìdámẹ́wàá ló sì máa ń bọ́ sí. Àwọn àgbà kan pè mí pé àwọn ò rí nọ́ńbà. Mo ní kó bá mi yọ jágbajàgba yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an nìyẹn. Ó yọ ìbéèrè kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń béèrè ṣì wà níbẹ̀, ó tún wá pọ̀ sí i nígbà tí krùséèdì dé. Ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó ń wọlé, èmi pásítọ̀ ti bá a tẹ "Accept All" kó tó dé.

Mo wá jókòó, mo kà nípa rẹ̀. Àpótí tó ń da gbogbo wa láàmú yẹn, òfin ló bí i. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin lọ́dún 2002, wọ́n sì mú un le sí i lọ́dún 2009, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan pa mọ́ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi èyí tí iṣẹ́ tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ béèrè fún kò lè ṣe láìsí i. Òfin GDPR wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ó ní àṣẹ náà gbọ́dọ̀ tọkàn ẹni wá, kó sì yé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Jámánì, ilé ẹjọ́ Yúróòpù ní tí wọ́n bá ti bá ọ sàmì sínú àpótí "mo gbà" kí o tó dé, ìwọ kọ́ lo gbà. Ojú tì mí nígbà tí mo ka ìyẹn. Kò sí pásítọ̀ kankan nínú ẹjọ́ náà, àmọ́ ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà ò sì gọ̀. Wọ́n ṣe "Accept All" gbàgàdà bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá tọ́jú "Reject" sẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àjọ CNIL ní ilẹ̀ Faransé kéde pé Google máa san owó ìtanràn 150 mílíọ̀nù yúrò, Facebook máa san 60 mílíọ̀nù, nítorí pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn fi ń gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbà á máa tẹ̀ ẹ́ títí.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àjọ tí wọ́n ń pè ní NDPC ló ń mójú tó o. Òfin yẹn ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ẹni mọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tí ààbò wọn gbọ́dọ̀ le ju ti ìyókù lọ. Ó ní dídákẹ́ èèyàn kì í ṣe pé ó gbà. Ó ní ẹni tó gbà lónìí lè sọ lọ́la pé òun ò gbà mọ́. Ẹ wá wo ẹ̀bẹ̀ àdúrà: ìlera wà níbẹ̀, ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrá tọkọtaya wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ dókítà. Ohun tó mọ̀ nípa àwọn èèyàn kò tó ìdajì ohun tí èmi mọ̀.

Kì í sì ṣe àwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ọwọ́ wa ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC fẹ̀sùn kan BetterHelp, níbi tí àwọn tí ọkàn wọn dàrú ti ń bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ó ṣèlérí pé òun á pa àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ímeèlì àti ìdáhùn àwọn èèyàn nípa ìlera wọn ṣọwọ́ sí Facebook, Snapchat àti àwọn mìíràn fún ìpolówó. Lọ́dún 2023, ọ̀rọ̀ náà parí sí 7.8 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí mo kà á, mo rò ó pé bó bá jẹ́ pé wọ́n bu owó ìtanràn lé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí kóòdù onípolówó wà lójú ewé àdúrà wọn, mélòó nínú wa ni owó ilé ìjọsìn rẹ̀ máa kù?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ẹni tó bá tẹ "Accept" ti bá ẹ̀mí omi dá májẹ̀mú, tàbí pé 666 ni cookie. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Èmi gbà pé èṣù wà, mo sì ń lé e jáde, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ló wà nídìí èyí, owó ló ń wá. Tí a bá ń gbààwẹ̀ lé ohun tí èèyàn lè lọ pa nínú Settings fóònù rẹ̀, ikùn wa là ń fìyà jẹ lásán.

Tí ẹ bá fẹ́ ìtàn Bíbélì tó bá a mu, ẹ lọ wo ìwé Jóṣúà orí kẹsàn-án. Àwọn ará Gíbíónì wọ aṣọ gbígbó, wọ́n gbé búrẹ́dì gbígbẹ tó ti bu dání, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá. Àwọn olórí Ísírẹ́lì ò bi Olúwa, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé aládùúgbò àwọn ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí ojú ewé kan láti ka ìròyìn bọ́ọ̀lù, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "partners" sí nínú àpótí yẹn, àwọn tí wọ́n to síbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Májẹ̀mú pẹ̀lú ẹgbẹ̀ta àjèjì, torí bọ́ọ̀lù! Ohun kan tó dára níbẹ̀ ni pé ti Jóṣúà kò ṣe é yí padà, tiwa ṣe é yí padà.

Bí èmi ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Tí àpótí náà bá yọ, n kì í tẹ ibi tó ń dán mọ́. Mo máa ń wá "Reject All" tàbí "Necessary only". Tí n ò bá rí i, màá tẹ "Manage" tàbí "Settings", màá pa gbogbo èyí tó bá tàn, màá wá tẹ "Save" tàbí "Confirm". Kò gùn ju àdúrà orí oúnjẹ lọ. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, torí wọ́n á tún gbé "Accept All" síwájú yín nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ̀yin tó ń lo Chrome, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Privacy and security, ẹ máa rí Third-party cookies níbẹ̀, ẹ dí i pa. Lọ́dún 2020 Google sọ pé òun máa fòpin sí i fúnra òun kó tó pé ọdún méjì. Lọ́dún 2024 wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Nítorí náà kí ẹ má dúró dè wọ́n. Safari tó wà lórí iPhone ti ń dí i fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2021 sì ni iPhone ti ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí áàpù kan máa tọpa yín. "Ask App Not to Track" ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ̀yin onífóònù Android, ẹ wá Ads nínú Privacy, ẹ pa advertising ID rẹ́. Ẹ̀yin tó rò pé Incognito ti bo àṣírí yín, fóònù yín nìkan ló ń gbàgbé. Ibi tí ẹ lọ rí yín.

Gbogbo èyí kò dí gbogbo ihò. Àwọn onípolówó ní ọgbọ́n mìíràn tí kò nílò cookie. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dí gbogbo ihò ilé rẹ̀ kì í torí ẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sùn.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjọ, mo rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni. A lo wákàtí méjì. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ní, "Pásítọ̀, àwọn tó wá sí krùséèdì yẹn pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ìpolówó yẹn ló mú wọn wá. Tí a bá yọ kóòdù yẹn, báwo la ṣe máa mọ ibi tí owó ìjọ ń lọ? Ṣebí ọkàn là ń wá?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. N ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ àwọn tó gba Jésù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti rí i pé krùséèdì wà. Ìyàwó mi tó ti jókòó láti àárọ̀ láìsọ̀rọ̀ ló fèsì. Ó ní, "Bàbá, tí wọ́n bá dé, ṣé a máa sọ fún wọn pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sunkún lé lórí sílẹ̀?" Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Ẹ yọ ọ́."

A yọ ọ́. A kó gbogbo ẹ̀bẹ̀ àdúrà sí ojú ewé kan ṣoṣo tí orúkọ ìṣòro kankan kò sí nínú àdírẹ́sì rẹ̀. Fídíò ìwàásù tí a gbé síbẹ̀ náà ń gbé cookie tirẹ̀ wá, a yọ wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á tẹ orúkọ rẹ̀, á sì gbé e lọ síbi tí fídíò wà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti lé ní oṣù mẹ́ta la pa rẹ́, torí a kàn ń kó wọn jọ ni, a ò mọ ìdí. Ìpolówó krùséèdì tọdún yìí á jáde lórí rédíò àti bébà, á sì jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù ẹnikẹ́ni tó máa wọ ilé wa. Bóyá àwọn tó máa wá á dín kù. A máa rí i.

Èmi àti ìyàwó mi lọ sílé arábìnrin náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní kí n dìde, ojú ń ti òun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ̀ pé n ò wá ṣe ẹnu dídùn. Arábìnrin náà ní, "Dádì, ìpolówó yẹn ṣì ń yọ o." Arákùnrin wa tó mọ kọ̀ǹpútà bá a tún fóònù náà ṣe níbẹ̀, ó pa gbogbo cookie rẹ́, ó dí èyí tó ṣeé dí. Ó ti dín kù gan-an báyìí. Ohun tí ìyá ọkọ ti mọ̀ ni kò ṣe é pa rẹ́. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì jọ, wọ́n ní ó gbọ́ ọ ju bí àwọn ṣe rò lọ, àmọ́ àwọn ò tíì fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹlòmíràn ló yan ọjọ́ fún wọn.

A ti gbé àpótí onígi kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn apá ọ̀tún nínú ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹni tó bá fẹ́ fi bébà kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ojú ewé àdúrà wa láti ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìpolówó krùséèdì ọdún tó kọjá títí di ìparí oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo wà ní ọ́fíìsì, arákùnrin wa náà á wà níbẹ̀. Ẹ mú fóònù yín dání, á bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò ní láti sọ ojú ewé tí ẹ ṣí fún wa, a ò sì ní béèrè.